Kí A Tó Wọ̀n, Kí A Mọ Ohun Tí A Ń Wọ̀n

Ọ̀rọ̀ ìmúrasílẹ̀ tí Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti ẹ̀ka Kofar Marke bá àwọn tí yóò wá sí ìpàdé lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé-ìwé sọ

  

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìkéde pé ìpàdé tí ń bọ̀ kì í ṣe ti owó-oṣù, kì í sì í ṣe ti ìnáwó ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ó jókòó lé lórí: báwo ni a ó ṣe mọ ohun tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ nínú sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́-ẹ̀rọ àti ìṣirò nígbà tí wọn kò sí nínú kíláàsì? A ti gbọ́ pé àwọn kan nínú wa ń sọ pé, "Kí ni ó kù láti gbìmọ̀ lé lórí? Ẹ fún wọn ní ìdánwò, ẹ máàkì rẹ̀, ó parí." Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó mú kí a bẹ Alága pé kí ó jẹ́ kí a bá yín sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi wúwo. Ìpàdé yìí ni yóò pinnu bóyá ẹgbẹ́ yóò máa ná owó lọ lórí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Òun ni yóò pinnu irú ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí a ó bá ra irinṣẹ́. Bí ọmọ tí ó ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ bá sì fẹ́ padà, ohun tí a bá fẹnu kò lé lórí ni yóò sọ irú ìwé tí a ó kọ fún un. Bí òṣùwọ̀n wa bá wọ́, àwọn ọmọ ni yóò jìyà rẹ̀, kì í ṣe àwa tí a jókòó sórí àga.

Àwa tí ń sọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ti ṣe àṣìṣe rí, a kò sì ní fi pamọ́. Ní òpin ọdún kan, a fún àwọn ọmọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní ìwé ìbéèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a fún wọn ní wákàtí kan. Nígbà tí a máàkì rẹ̀ tán, a ka orúkọ wọn sókè láti ẹni àkọ́kọ́ títí dé ẹni ìkẹyìn, níwájú àwọn òbí wọn. Ọmọkùnrin kan wà láàárín àwọn tí ó kẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wá sí kíláàsì mọ́. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, iná sólà ilé ọ̀kan nínú wa kú. Ọ̀gá tí a ránṣẹ́ pè kò ráyè, ó rán ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wá. Ọmọ yìí kan náà ni. Ó fi mítà yẹ bátìrì wò, ó tọ wáyà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rí ibi tí ìsopọ̀ ti jóná, ó sì ṣàlàyé fún wa ní Yorùbá ìdí tí wáyà tín-ínrín fi ń gbóná bí iná tí ń gba inú rẹ̀ kọjá bá pọ̀ jù. Ojú tì wá. Ohun tí ọmọ náà mọ̀ wà nínú ìwé ìbéèrè wa, ṣùgbọ́n bí a ṣe béèrè rẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè sọ ọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ní ìlú Recife ní orílẹ̀-èdè Brazil, àwọn olùkọ́ mẹ́ta kan, Terezinha Carraher, David Carraher àti Analúcia Schliemann, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1985. Wọ́n lọ bá ọmọ 5 tí ń tajà ní ìgboro, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 9 sí 15, wọ́n ṣe bí oníbàárà, wọ́n ń béèrè iye tí ọjà jẹ́ àti iye ṣéńjì. Nínú gbogbo ìṣirò tí àwọn ọmọ náà fi orí ṣe nídìí ọjà wọn, èyí tí wọ́n gbà lé díẹ̀ ní 98 nínú 100. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé irú ìṣirò kan náà fún àwọn ọmọ kan náà lórí ìwé, bí a ti ń ṣe ní ilé-ìwé. Èyí tí wọ́n gbà kò tó 37 nínú 100.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 12 kan ń ta àgbọn, ẹyọ kan jẹ́ 35 nínú owó wọn. Wọ́n ní kí ó fún wọn ní 4. Ó ní mẹ́ta jẹ́ 105, ó fi 30 kún un, ó di 135, ó fi 5 tí ó kù kún un, ó ní 140. Ó gbà á. Nígbà tí wọ́n kọ 35 lọ́nà 4 fún ọmọ yìí sórí ìwé, ó ní 4 lọ́nà 5 jẹ́ 20, ó kọ òdo sílẹ̀, ó gbé 2 sókè. Ó fi 2 kún 3, ó di 5. Ó sọ 5 di ìlọ́po 4, ó di 20. Ó kọ 200. Bí ẹnikẹ́ni bá rí 200 nìkan, yóò ní ọmọ yìí kò mọ ìṣirò. Ẹni tí ó bá sì rí 140 nìkan yóò ní kò sí ohun tí ó kù fún un láti kọ́. Àwọn méjèèjì kò tíì mọ ọmọ náà. Ó ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọjà àti ìmọ̀ ìwé kò tíì pàdé nínú orí rẹ̀. Iṣẹ́ kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa ni láti mú kí àwọn méjèèjì pàdé. Bí a bá wọn ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀, a kò ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ń lọ.

Nílé tiwa ńkọ́? Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, obìnrin ará Ọsirélíà kan, Helen Verran, wà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 2001, tí ó pè ní Science and an African Logic. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ náà ní láti kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń wọn gígùn ènìyàn. Dípò kí ó tẹ̀lé ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un, ó fún àwọn ọmọ ní òwú àti páálí pélébé tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10. Wọ́n fi òwú wọn ọmọ láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wé òwú náà mọ́ páálí, wọ́n ka iye ìgbà tí ó gba ojú páálí kọjá, wọ́n sì ṣírò èyí tí ó ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ rú olùbẹ̀wò náà lójú, nítorí kò bá ohun tí ó ti ń retí mu. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà wọn ara wọn, wọ́n sì gbà á. Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá wá pẹ̀lú ọ̀nà kan ṣoṣo lọ́kàn lè pe iṣẹ́ rere ní àṣìṣe. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo àyíká wa. Ọmọ tí ń bá ọ̀gá rẹ̀ gbé sólà sórí òrùlé mọ̀ pé gúúsù ni a ń kọ ojú rẹ̀ sí. Ẹ bi í ní ìdí rẹ̀. Ọmọ kan yóò ní bí ọ̀gá ṣe ń ṣe é nìyẹn. Òmíràn yóò ní Sókótó wà ní ìhà àríwá ayé, ní nǹkan bí dígírì 13, nítorí náà apá gúúsù ni oòrùn ń gbà kọjá ní ọ̀pọ̀ oṣù nínú ọdún. Àwọn méjèèjì gbé sólà síbi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọn kò dọ́gba. Ọmọbìnrin tí ń bá ìyá rẹ̀ se ọṣẹ dúdú mọ ìgbà tí omi eérú kan tó. Ọmọ tẹ́lọ̀ mọ bí a ti ń gé ìgàn aṣọ tí ìtẹ̀kù rẹ̀ kò fi ní pọ̀. Ọmọ fọ́kánáísà mọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú táyà a máa fẹ̀ bí ooru ọ̀sán bá mú. Igi tí Hausa ń pè ní marke, àyìn ni àwa ń pè é. Àwa mọ̀ ọ́n sí orin tí a fi ń fọ eyín, àwọn aláró ilẹ̀ Mali sì ń fi ewé rẹ̀ kun aṣọ. Ọmọ tiwa tí ó mọ igi kan ní orúkọ méjì, tí ó sì mọ ìlò rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ìmọ̀ ewéko. Ìdánwò wo ni ó ti béèrè èyí lọ́wọ́ rẹ̀ rí?

Àwọn tí owó àti ìwé pọ̀ lọ́wọ́ wọn jù wá lọ pẹ̀lú ń bá ọ̀rọ̀ yìí jìjàkadì. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ National Research Council gbé ìwé kan jáde ní ọdún 2009 lórí ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì tí kì í ṣe ti ilé-ìwé. Wọ́n ní nǹkan 6 ni ó yẹ kí a máa wò lára ọmọ: bóyá ọ̀rọ̀ náà ń wù ú; bóyá ó lóye rẹ̀; bóyá ó ń dán nǹkan wò, tí ó sì ń ṣàkíyèsí; bóyá ó ń ro bí ènìyàn ṣe ń mọ òtítọ́; bóyá ó lè bá àwọn ẹlòmíràn ṣe iṣẹ́ náà pẹ̀lú irinṣẹ́ àti èdè rẹ̀; àti bóyá ó ti ń rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ó lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ pé ìdánwò irú ti ilé-ìwé kò lè gba gbogbo èyí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2012, wọ́n pe ìpàdé ńlá ní Irvine ní California lórí bí a ó ṣe máa wọ̀n ọ́n. Ní ọdún 2015, ìgbìmọ̀ kan náà tún sọ pé ètò tí ó dára gbọ́dọ̀ gba ọkàn àti ọpọlọ ọmọ, ó gbọ́dọ̀ bá ìfẹ́ àti àṣà rẹ̀ mu, ó sì gbọ́dọ̀ so ilé, ilé-ìwé àti ìta pọ̀.

Ẹ tún wo ohun tí wọ́n ṣe ní Íńdíà. Láti ọdún 2005 ni àwọn olùfara-ẹni-jìn ètò ASER ti ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan, ì báà máa lọ sí ilé-ìwé, ì báà má lọ, wọ́n ń wò bóyá ó lè kàwé kékeré àti bóyá ó lè ṣe ìṣirò kékeré. Uwezo ṣe irú rẹ̀ ní Kenya, Tanzania àti Uganda, LEARNigeria sì ṣe é ní ilẹ̀ wa. Ohun rere inú rẹ̀ ni pé ọmọ tí kò sí lórí ìwé olùkọ́ kankan di ẹni tí a kà. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà àti ìṣirò ni ó ń wọ̀n. Kò wọn omi eérú, kò sì wọn wáyà.

Fún iṣẹ́-ọwọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mọ Trade Test, tí ó ní ìpele 3, níbi tí a ti ń fi iṣẹ́ hàn. Ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́-ọwọ́ tí National Board for Technical Education ń bójútó náà wà. Nínú ìyẹn, ẹni tí ń ṣàyẹ̀wò a máa wo iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe, a máa wò ó bí ó ti ń ṣe é lọ́wọ́, a sì máa bi í ní ìdí tí ó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n mẹ́ta yìí, ká wo iṣẹ́, ká wo ọwọ́, ká béèrè ìdí, wúlò fún àwa náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má gbé òṣùwọ̀n wá sí ìpàdé kí a tó mọ ohun tí a fẹ́ wọ̀n. A kì í fi mudu wọn aṣọ, a kì í sì í fi téèpù wọn ìrẹsì. Àwọn ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú wá nìwọ̀nyí.

Èkínní, kí olúkúlùkù yan ọmọ kan tí kì í ṣe ọmọ tirẹ̀. Kí ó tọrọ àyè lọ́wọ́ òbí ọmọ náà, lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, àti lọ́wọ́ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kí ó lọ wò ó ní ìgbà 3 lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀: ọjọ́, ibi, ohun tí ọmọ náà ṣe, ìbéèrè tí ó béèrè, àti bí ó ṣe tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Kí ó má kọ pé "ó gbọ́n" tàbí "ó yọ̀lẹ". Ohun tí ojú rí ni kí ó kọ. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kí ó sọ fún ọmọ rẹ̀ kí ó bá a kọ ọ́.

Èkejì, ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́-ọwọ́, ẹ ro ohun tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní oṣù mẹ́fà, ní ọdún kan, àti kí ẹ tó ṣe fìrídọ̀ọ̀mù fún un. Ẹ ti ń wọn ọmọ láti ìgbà yìí wá; ẹ kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Bí ọmọ wa bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó jẹ́ Hausa, ẹ bá wa pè é wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn ni wọ́n gbà wá ní àlejò, ọmọ wa sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìyá wa tí ń tajà, ẹ mú ìṣirò ọjà wá: bí ẹ ti ń pín àpò sí mudu, bí ẹ ti ń mọ èrè, bí ẹ ti ń mọ̀ pé ọmọ tí ẹ fi sídìí ọjà ti tó ẹni tí ó lè dá dúró. Kí ẹnikẹ́ni nínú yín má ṣe sọ pé òun kò mọ sáyẹ́ǹsì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má bínú, ẹ fi ìwé ìbéèrè sílẹ̀ ná. Ẹ bá wa mú ohun tí ilé-ìwé ń béèrè ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan wá, kí a lè rí ibi tí iṣẹ́ ìta ti kan ti ilé-ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ẹgbẹ́ JETS rí ní ilé-ìwé, ẹ wá sọ ohun tí ó mú yín dúró nínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, kí olúkúlùkù mú ìbéèrè kan ṣoṣo wá tí ó fẹ́ kí òṣùwọ̀n wa dáhùn. Kì í ṣe mẹ́wàá. Bí ìbéèrè bá pọ̀ jù, ọmọ ni yóò fi àkókò eré àti oorun rẹ̀ san án.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí àwa fúnra wa ti pinnu, a ó sì gbé e kalẹ̀ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. A kò ní to ọmọ láti ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn mọ́. Ibi tí ọmọ wà nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ni a ó fi wé ibi tí ó dé. A kò ní ka orúkọ ọmọ kankan ní gbangba. Èdè tí ọmọ bá fẹ́, ì báà ṣe Yorùbá, Hausa tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ni a ó fi bi í. A ó sì ka àwọn ọmọbìnrin dáadáa, nítorí iṣẹ́ ilé ni ó máa ń gba àkókò wọn, bí a kò bá sì wo ilé ìdáná, a ó rò pé wọn kò kọ́ ohun kan.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀nà yìí gùn, pé ìdánwò wákàtí kan yá jù ú lọ. Òtítọ́ ni, ó yá. Bẹ́ẹ̀ ni kò tún pẹ́ kí ó tó lé ọmọ kan kúrò láàárín wa. Àwọn mìíràn yóò ní wíwò lásán kò ní fi nọ́ńbà hàn, àwọn tí ń dá owó sì fẹ́ rí nọ́ńbà. Àwa náà fẹ́ rí i. Bí ọmọ 20 bá bẹ̀rẹ̀, tí a sì mọ iye nínú wọn tí ó lè sọ ìdí tí a fi kọ ojú sólà sí gúúsù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àti ní òpin rẹ̀, nọ́ńbà nìyẹn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé a mọ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé ohun tí a bá ń wọ̀n ni àwọn ọmọ yóò máa lé. Bí a bá ń wọn àkọ́sórí, a ó rí àkọ́sórí gbà. Bí a bá ń wọn bí wọ́n ti ń béèrè ìdí, wọn yóò máa béèrè ìdí, bí ó tilẹ̀ máa sú wa nígbà mìíràn.

Ní ti ọmọkùnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú, a ti lọ bẹ̀ ẹ́ nílé ọ̀gá rẹ̀. Ó gbọ́ wa tán, ó ní òun yóò wá sí ìpàdé náà, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ̀ bóyá a ó jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀. A sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa di irọ́.

Ẹ mú ìwé kékeré àti bírò yín wá ní ọjọ́ ìpàdé. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí wa sí, kí ó jẹ́ kí a jèrè àwọn ọmọ wa ní ilẹ̀ tí a wà yìí àti nílé.